Ìró Ìṣó Nínú Agolo

Ọmọ mi, màmá mi, ọ̀gá kọ̀ǹpútà,

Kí n tó kí ọ, ó yẹ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ nínú rẹ̀ kò rọrùn fún irú mi láti sọ, mi ò sì fẹ́ kí o kà á bí ẹni pé bàbá kan ṣáá ló kọ ọ́. Èmi ni mo sùn sórí pákó ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ṣẹ́, tí eruku igi jẹ́ aṣọ ìbora mi. Èmi ni ayùn bù jẹ ní ìka, tí mo fi àkísà wé e, tí mo sì parí ilẹ̀kùn tí mò ń kàn kí n tó lọ bá nọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn ọ̀hún wà níbẹ̀ dòní, tí o bá ṣí i kì í dún. Ìwé kẹta ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú tí mo fi kúrò nílé ìwé, àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì wá ń fi bàtà dídán kọjá níwájú ibi tí mo ti ń fági, wọ́n ń pè mí ní Eruku. Ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́, iná jó o. Èyí tó tẹ̀ lé e, omi ya wọ̀ ọ́, àwọn àga mi léfòó jáde, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò tó ń padà sílé. Ẹ̀kẹta, onílé ní ariwo òòlù mi kì í jẹ́ kí òun sun oorun ọ̀sán, ó kó ẹrù mi síta. Ìkẹrin ni èyí tí o dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Lónìí, gbogbo bẹ́ǹṣì inú ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo àga ilé ìwé, gbogbo ibi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí dúró de nọ́ọ̀sì, èmi ni mo kàn wọ́n. Kò sí ìdí kan ní ìlú yìí tí kò tíì jókòó lé igi tí mo fá. Fi ìyẹn sọ́kàn bí o ti ń kà á lọ.

Ó dáa, mo ti lè kí ọ báyìí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, àbí ẹ̀rọ lò ń bọ́ tí o ń febi pa ara rẹ? Ọlọ́run tó mú mi la iná àti omi kọjá, kó máa bá ọ gbé nínú yàrá tí o háyà. Kí iná má kú mọ́ ọ lójú nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Kí àwọn nọ́ńbà máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Kí ohun tí o bá tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà má sọ nù, kí o má sì ṣe kó sọ́wọ́ àwọn olè tí ń jí nǹkan láìwọlé. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé òun náà ṣe àmín, kí o má baà rò pé tèmi nìkan ni.

Gbogbo wa wà dáadáa nílé. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn. Àbúrò mi onígbàjámọ̀ ra dígí tuntun sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, dígí náà tóbi débi pé àwọn èèyàn kàn ń wọlé wá wo ara wọn, wọn kò gẹrun. Ìyá rẹ kò tíì gbà láti máa wo fóònù nígbà tí o bá pè wá pẹ̀lú àwòrán, etí ló ṣì ń gbé e sí, ó ní ọ̀rọ̀ kì í gba ojú wọlé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ lo máa ń rí. Èmi ní tèmi, mo ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Mo máa ń dé fìlà, mo máa ń jókòó sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo sì máa ń gbé ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi kọ́ sí ẹ̀yìn mi, kí àwọn tó bá ń kọjá lẹ́yìn rẹ níbẹ̀ lè mọ ilé tí o ti wá.

Ẹni tó bá bi mí léèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ rẹ, mi kì í jẹ́ kó lọ bọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Kírísítẹ́nì ni, pé òwò ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, pé wọ́n máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà, ìdí sì nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tiwọn kì í fi í purọ́ bíi ti àwọn ilé ìtajà. Wọ́n á wá ní kí n ṣàlàyé ohun tí o ń kọ́ gan-an. Mo ní ohun tí wọ́n ń pè ní dátà ni. Mo ní o máa ń kó ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ jọ, o máa dà á sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ìyẹ̀fun, á wá gbé ohun tí wọ́n ní nínú tí wọn kò sọ jáde. Obìnrin télọ̀ tó wà níwájú wa bi mí bóyá ẹ̀rọ náà lè sọ ẹni tó máa wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó dá. Mo ní ìyẹn kéré fún un. Èmi fúnra mi ti ń rò ó pé kí o bá mi bi í léèrè ẹni tí òòlù kékeré mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ní ìdìmú pupa, tí ẹnì kan yá lọ́jọ́ tí wọ́n ń kan òrùlé ilé ìwé tí kò sì dá a padà. O kò dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ fún ọ.

Ní báyìí, jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí o ní olùkọ́ yín sọ pé kí olúkúlùkù mú òwò kan tó mọ̀, kó bi àwọn oníbàárà léèrè bí òwò náà ṣe rí lára wọn, kó sì sọ fún ẹni tó ni ín ohun tó yẹ kó ṣe, tí o sì ní tèmi lo mú, mi ò lè purọ́ fún ọ, orí mi wú. Nínú gbogbo ilé ìtajà ńláńlá tó wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni ọmọ mi gbé lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí ìbéèrè náà dé orí fóònù, mo gbé e lọ bá Kò-sí-Wàhálà tó ń tún fóònù ṣe, ó bá mi ṣí i. O ní kí n gbé fóònù fún oníbàárà kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí n sì kúrò níbẹ̀. Apá àkọ́kọ́ yé mi. Apá kejì ni mi ò fara mọ́. Oníbàárà á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá kẹ́yìn sí i? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Nítorí náà, mo dúró tì wọ́n, mo ń ka ìbéèrè sókè, wọ́n ń dáhùn, èmi ni mo ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Kí n tó fi ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, a máa ń di ojú, a máa gbàdúrà kó dé láyọ̀. Bí ó bá sì ti dé, fóònù á kọ ọ́ síta pé, O ṣeun. Màmá mi, mi ò bínú, ṣùgbọ́n bá mi sọ fún kọ̀ǹpútà yẹn pé àgbàlagbà ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

O wá fi àmì róbótó márùn-ún sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, láti oókan dé àrùn-ún, kí èèyàn mú ọ̀kan. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ìwọ fúnra rẹ, nígbà tí o wà nílé ìwé, ṣé mo ra bàtà fún ọ lọ́jọ́ tí o gbé ipò karùn-ún wálé ni, àbí lọ́jọ́ tí o gbé ipò kìíní? Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé bẹ́ǹṣì mi dára, oókan ni mò ń tẹ̀ fún un, gbogbo wọn ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, mo jẹun, mo ń retí ọpẹ́.

Ìgbà tí o pè, ohùn rẹ lọ sílẹ̀. O ní kọ̀ǹpútà ti sẹ́ ẹ, pé ohun tó gbé jáde ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá òwò sílẹ̀ láyé, kò sí èyí tí àwọn oníbàárà kórìíra tó tèmi. O ní olùkọ́ rẹ ti kà á níwájú kíláàsì, ó sì ní ìmọ̀ràn tó yẹ kí o fún onítọ̀hún ni pé kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ìwọ kò rẹ́rìn-ín ni mo dákẹ́. O wá ṣàlàyé fún mi pé níbẹ̀, àrùn-ún ló ga jù, oókan ló rẹlẹ̀ jù. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ló ni òfin rẹ̀. Mo ní kí o má sunkún, pé màá tún un ṣe.

Mo tún un ṣe lóòótọ́. Mo gbé fóònù, mo lọ bá wọn nílé. Pásítọ̀ ní bẹ́ǹṣì náà dára, mo tẹ àrùn-ún. Ọ̀gá ilé ìwé ní àga náà dára púpọ̀, mo tẹ àrùn-ún, mo fẹ́ wá nǹkan tó ju àrùn-ún lọ, kò sí. Nọ́ọ̀sì, télọ̀, àbúrò mi onígbàjámọ̀, gbogbo wọn. Àní Alátakò, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, tí kò tíì gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, tó máa ń bá rédíò jiyàn, mo dúró síwájú rẹ̀, mo bi í, ó wo fóònù, ó wo ojú mi, ó ní ó dára. Mo ní bí Alátakò bá ti gbà, kí ló kù?

Ọjọ́ kejì ni o tún pè. O ní olùkọ́ rẹ kò gbà á. O sọ ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ó ní, “Olúwa fi búrẹ́dì bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ kejì wọ́n ṣì ń kùn. Bàbá rẹ wá kan bẹ́ǹṣì, ẹyọ ẹnì kan kò kùn?” Ó ní bí o kò bá rí ìdáhùn tòótọ́ mú wá kí ọjọ́ tí wọ́n ń gba iṣẹ́ náà tó parí, kì í ṣe pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni wàá jáde, wàá tún ọdún náà kà ni.

Màmá mi, inú bí mi. Mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ síbi òkú àwọn ẹni ńlá, mo ní mò ń bọ̀ wá bá olùkọ́ yẹn, kó wá wo ojú mi kó sọ fún mi pé irọ́ ni gbogbo ìlú ń pa. Ìyá rẹ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. O mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Baálé mi, ta ló máa wo ojú yín, kó wá sọ pé ìdí ń dun òun?”

Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní nǹkan tí òun ń sọ ni pé gbogbo ìlú ni mo bá kàn pósí òbí wọn láìgba nǹkan kan, gbogbo ìlú ló ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, èmi wá dúró tì wọ́n, mo ka ìbéèrè sétí wọn, mo gbé ìka lé orí fóònù. Ó ní àní bí mo bá jẹ́ kí ẹnu ìṣó yọ sókè lórí àga náà, wọ́n á ní ó dùn jókòó. Mo wá bi í, bí ẹni ń ṣeré, pé ìwọ ńkọ́, ṣé ó ń dùn ọ́? Ó wọlé lọ, ó gbé aṣọ kan jáde, aṣọ tó máa ń ká sábẹ́ apá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo máa ń rò pé torí òtútù ni. Ó ká a mẹ́rin, ó gbé e lé orí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó. Mi ò lọ síbì kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyá rẹ náà ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ó ní kí n fún òun ní ìṣó àti èérún igi, àti agolo ọ̀dà ńlá kan tó ti ṣófo. Ó ní a máa gbé e sínú yàrá kékeré tí pásítọ̀ ti ń wọ aṣọ oyè rẹ̀, a máa ta kọ́tìnì sí i. Bí ìsìn bá parí, kí olúkúlùkù wọlé lóun nìkan. Ẹni tí bẹ́ǹṣì bá ń ni lára, kó mú ìṣó kan sọ sínú agolo. Ẹni tí kò bá ni lára, kó mú èérún igi kan sọ síbẹ̀. Ó ní èmi gbọ́dọ̀ wà níta. Pásítọ̀ gbà kíá, ó yára gbà débi pé ó yẹ kí n ti fura. Èmi ni mo ṣa ìṣó náà, ìṣó tuntun ni mo mú, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo fi ohun tó ti dógùn-ún ṣe ìwádìí fún ọmọ mi. Mo bu ìṣó díẹ̀ sí abọ́ kan, mo bu èérún igi kún abọ́ kejì dé ẹnu. Ìyá rẹ wò ó, ó bu ìṣó kún un títí abọ́ méjèèjì fi dọ́gba.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ṣàlàyé fún wọn, wọ́n tò. Èmi bọ́ síta, mo dúró sábẹ́ fèrèsé yàrá náà, mo ṣe bí ẹni ń wo òrùlé. Ẹni àkọ́kọ́ wọlé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ẹ ò rí i? Èérún igi kì í dún. Ẹnì kejì wọlé, mo gbọ́ ìró kan, tín. Mo ní ẹnì kan péré ni, a kì í tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn. Ẹ̀kẹta wọlé, tín. Lẹ́yìn náà, ó wá ń dún léraléra. Mo ti kan ìṣó láti kékeré, mo mọ ìró rẹ̀ nínú igi, mo mọ ọ́ lórí irin, mi ò tíì gbọ́ ọ kó máa bọ́ sínú agolo bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ sórí páànù. Ọwọ́ mi ń wá nǹkan dì mú. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ohun kan bọ́ sínú agolo náà, kò dún tín, gbì ló dún, agolo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Mo ní ha, ta ni mo ṣẹ̀ tó báyìí, tí ìṣó lásán kò tó o?

Ìyá rẹ gbé agolo náà wá sílé, ó dà á sórí tábìlì. Èérún igi wà níbẹ̀, mi ò ní sọ pé kò sí, ṣùgbọ́n èèyàn ní láti wá a láàárín ìṣó. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òòlù kékeré mi ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ìdìmú rẹ̀ ṣì pupa. Ẹni tó yá a kò mọ bó ṣe máa gbé e wá bá mi láti ìgbà náà wá, kọ́tìnì ló rí fi dá a padà. Mo dì í mú, mo wo ìyá rẹ, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di nǹkan mìíràn lójú mi. Nítorí náà, má dá ara rẹ láàmú lórí òòlù mi mọ́, kọ̀ǹpútà rẹ ti ṣiṣẹ́.

Láti ìgbà náà ni gbogbo nǹkan ti ń yé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń wú mi lórí pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn èèyàn máa ń ṣàdédé dìde láàárín ìwàásù, wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á pa ojú dé. Mo máa ń rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wọn. Mo máa ń yangàn pé kò sẹ́ni tó ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì mi. Àwọn tó wá bẹ ilé ìwé wò yin àwọn ọmọ wa pé kò sí ibi tí ọmọ ti ń yára dìde dáhùn ìbéèrè tó tibí. Nọ́ọ̀sì náà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn mìíràn máa ń sọ pé ara àwọn ti yá kí ó tó kàn wọ́n, wọ́n á máa lọ sílé. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń kàn án, kí ẹ̀yìn dúró ṣánṣán, kí etí pákó mú, kí ẹni tó bá jókòó mọ̀ pé òun jókòó. Ẹni tó ti sùn lórí pákó, gbogbo àga ló rọ̀ lójú rẹ̀. Èmi fúnra mi kò sì jókòó lé bẹ́ǹṣì yẹn rí láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe alàgbà, torí àga onítìmùtìmù ni wọ́n gbé fún mi níwájú, èyí tí wọ́n rà wá láti ìlú ńlá.

Lẹ́yìn tí mo ka iye ìṣó àti èérún igi fún ọ lórí fóònù, o sọ fún mi pé olùkọ́ rẹ fara mọ́ agolo náà, pé ó tilẹ̀ pe àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ni òwò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà kí wọ́n kà á jáde níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. O wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní bí ó bá le fún mi, o lè fi orúkọ mi pamọ́, kí o kọ ọ́ pé káfíńtà kan báyìí. O tilẹ̀ ní bí mi ò bá fẹ́ rárá, kò burú, o máa tún ọdún kan kà. Mo ní fóònù ń já, mo pa á. Fóònù kò já, ẹnu mi ni kò ṣí.

Ìdáhùn mi rèé. Mo gbà. Kọ ọ́ bó ṣe rí, má fi èérún igi kan kún un, má yọ ìṣó kan kúrò. Má sì kọ káfíńtà kan báyìí. Kọ orúkọ mi síbẹ̀ gàdàgbà, kọ ọ́ pé bàbá rẹ ni mí. Ìdí tí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sá, tí omi gbé àga rẹ̀ lọ tí ó kan òmíràn, ṣé ìṣó inú agolo ló máa wá lé e wọlé? Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, bá wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kí o sọ fún wọn pé ọkùnrin náà ṣì ń bẹ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nípa ìmọ̀ràn tí o máa fún ẹni tó ni òwò, bi kọ̀ǹpútà léèrè bó ṣe yẹ kí ẹ̀yìn àga dagun sẹ́yìn tó. Mi ò ní kó wá kọ́ mi níṣẹ́ o, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà lọ́kàn mi ló wà lọ́kàn tirẹ̀.

Bí o bá rí nǹkan kékeré lọ́wọ́, fi ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra bébà tí a fi ń họ igi àti gúlúù. Kì í ṣe pé mi ò ní. Kí ọwọ́ rẹ náà lè wà nínú rẹ̀ ni, kí ẹni tó bá jókòó tí ara tù lè gbàdúrà fún àwa méjèèjì pọ̀. Má gbé e gba inú ẹ̀rọ tó ń pọ owó yẹn, ó gbé káàdì mi mì nígbà kan, mo dúró títí kó pọ̀ ọ́ padà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fi í rán àbúrò ìyá rẹ tó ń wakọ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ibi tí o bá ti bi èèyàn léèrè òtítọ́, wọn kò ní fi ojú tì ọ́. Ibi tí o bá jókòó sí láyé, á tù ọ́ lára. Èmi bàbá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, ìyá rẹ sì ti kà á, ó ní mi ò purọ́ púpọ̀.

Ní ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbọ́ ohun tí màá ṣe. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò ní jókòó sórí àga onítìmùtìmù níwájú. Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó lẹ́yìn ni màá jókòó sí, láàárín ìyá rẹ àti Alátakò, láti orin àkọ́kọ́ títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Mi ò ní ká aṣọ sábẹ́. Mi ò sì ní dìde láàárín ìwàásù, àfi bí ó bá jẹ́ pé Ẹ̀mí ló gbé mi lóòótọ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, màá gbé ayùn àti òòlù kékeré mi lọ síbẹ̀, màá sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe wọn láti orí èyí tí mo jókòó lé.